Irin Birmingham, Igi Ìjùmú: Ìtàn Ìdí Ìbọn ní Ilẹ̀ Okun

Nínú àwọn ìwé ìtàn tí a ń kà ní ilé ẹ̀kọ́, bí ọ̀rọ̀ ìbọn bá délẹ̀, ẹnu ìbọn ni gbogbo ènìyàn ń wò. Wọ́n á sọ ẹni tó tà á, ẹni tó rà á, ogun tí wọ́n fi jà àti ìlú tí wọ́n fi kó. Kò sí ẹni tó ń bèèrè igi tó gbé irin náà dúró. Bẹ́ẹ̀, ìbọn tí kò ní igi nídìí, ọ̀pá irin lásán ni. Kò ṣeé gbé lé èjìká, kò ṣeé fojú sun ẹran, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ lásán dì í mú kó tó yìn ín, ara rẹ̀ ni yóò ṣe léṣe. Igi yìí kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Irin lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún kó má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n igi a máa là, ikán a máa jẹ ẹ́, òjò a máa sọ ọ́ di rírà. Ìdí nìyí tí ọdẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń bá ìbéèrè kan yí láti ìgbà tí ìbọn ti dé ilẹ̀ wa: igi wo ni kí a fi rọ́pò èyí tó ṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò ní ga jù, tí kò sì ní tún ṣẹ́ ní àmọ́dún?

Ìtàn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ Okun, ní agbègbè Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò bá mọ ibẹ̀, àwa ni Yorùbá tó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn: Òwé tó ni Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa, "Okun o", ni wọ́n sọ di orúkọ wa.

Ìbọn tí mò ń wí ni ṣakabùlà, èyí tí a ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta, tí òkúta sì ń ṣáná sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Dane gun nítorí pé àwọn ará Denmark, tí wọ́n ní ilé olódi ní Accra láyé àtijọ́, wà lára àwọn tó ń tà á ní etíkun. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ Denmark rí. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, àti ìlú Liège ní Belgium. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Inikori, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Ènìyàn ni wọ́n fi san owó púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ igi dáadáa débi pé a ó gbàgbé ìyẹn.

Ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún ọjà wa kì í ṣe ojúlówó. Igi walnut ni wọ́n ń fi ṣe ìdí ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ó le, kò wúwo jù, kì í sì í tètè lọ́. Èyí tó ń bọ̀ ní Áfíríkà, igi beech ni wọ́n sábà ń fi ṣe é, nítorí pé ó pọ̀ nínú igbó wọn, owó rẹ̀ sì kéré. Beech kì í ṣe igi búburú. Ó le, ó sì rọrùn láti gbẹ́. Ṣùgbọ́n omi tètè ń wọ̀ ọ́, bó bá gbẹ a máa lọ́, kò sì lágbára kankan níwájú ikán. Ẹ wá gbé irú igi bẹ́ẹ̀ dé ibi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, tí ọyẹ́ yóò tún dé lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fa omi inú gbogbo nǹkan tán, títí kan ètè ènìyàn. Nígbà tí igi bá wú tó sì sún kì lọ́dọọdún, ibi tó tín-ín-rín jù, ìyẹn ọrùn ìbọn lẹ́yìn ibi tí a ń fi ìka fà, ni yóò kọ́kọ́ là.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi ìbọn tó là kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn baba wa. Àwọn Tápà láti Bídà ń gun ẹṣin wọ ilẹ̀ Okun léraléra, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Masaba tó jọba Bídà láti 1859 sí 1873 rí ìbọn gbà nípasẹ̀ àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́já, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn èèyàn tiwa ń sá gun orí òkè. Títí dòní, bí ẹ bá ń wakọ̀ gba Ìjùmú tàbí Bùnú kọjá, ẹ ó rí àwọn àpáta ńláńlá tí ìlú fara tì. Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀. Nígbà tí àwọn Èkìtì ń ja ogun Kírìjì pẹ̀lú Ìbàdàn láti 1877, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó rí ìbọn ìgbàlódé rà ránṣẹ́ sílé, èyí tí a ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí. Àwa jìnnà sí Èkó. Ọrun, ọfà àti ìbọn ṣakabùlà díẹ̀ ni a ní. Ilé tó bá ní ìbọn kan ṣoṣo kò lè wí pé igi rẹ̀ ti là, kí wọ́n jù ú nù.

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó jẹ́ kí ìbọn àtijọ́ yìí di tiwa pátápátá. Àkọ́kọ́ ni àdéhùn tí àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ní Brussels ní oṣù keje ọdún 1890. Wọ́n ní àwọn ń dá òwò ẹrú dúró, nítorí náà wọ́n fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù lọ nínú Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba títa ìbọn olókùúta. Èkejì ni pé ní oṣù kìíní ọdún 1897, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, tí George Goldie darí, gba Kàbà kọjá lọ sí Bídà pẹ̀lú ìbọn Maxim, wọ́n sì ṣẹ́gun Tápà níbẹ̀. A bọ́ lọ́wọ́ Tápà, a bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tuntun kò fẹ́ kí ìbọn tó dára wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń ṣàkóso. Nígbà tó yá, Òfin Ìbọn ti 1959 fi ṣakabùlà sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá ní i gba ìwé àṣẹ. Èrò tèmi ni pé òfin ló fi ìbọn ayé àtijọ́ sọ́wọ́ ọdẹ wa títí dòní, kì í ṣe pé wọn kò lajú.

Bí ohun tuntun kò bá sì ṣeé rà, àtúnṣe ló kù. Ibẹ̀ ni ìtàn igi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbọn kan wà nílé wa ní Ìjùmú. Bàbá bàbá mi ló ni ín, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ló ń lò ó báyìí, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nínú àpótí wọn. Olùkọ́ ìtàn wa ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka ara ìbọn bí ìwé. Mo fi aṣọ tí mo ti bọ inú epo nu ìdí irin náà títí àmì kan fi yọ: adé kékeré lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn. Àmì ilé àyẹ̀wò ìbọn Birmingham nìyẹn, èyí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1813 kí wọ́n lè máa yẹ ẹnu ìbọn wò bóyá yóò bẹ́ tàbí kò ní bẹ́. Nítorí náà, irin yẹn kò lè ju 1813 lọ lọ́jọ́ orí, Birmingham ló sì ti wá. Igi tó wà nídìí rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Igi ìdí odò wa ni.

Ìyá bàbá mi ló ka àwọn igi náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìyàwó tí ọkùnrin kan ti fẹ́. Èyí tó bá ìbọn dé, ikán ló jẹ ẹ́ lórí àjà nígbà tí wọn kò tíì gbé màmá wọlé. Èkejì jẹ́ arère. Ẹni tó bá ti gbẹ́ arère rí yóò mọ ìdí tí ènìyàn fi ń yàn án: ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń gé iṣu sísè, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìbọn kò fẹ́ igi tó fúyẹ́. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, bí ọta ṣe ń lọ síwájú ni ìbọn ń ta padà sẹ́yìn. Bí ìbọn bá sì ṣe fúyẹ́ sí ni títapadà rẹ̀ ṣe ń yá sí. Bàbá bàbá mi ń fi òrí pa èjìká wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu ṣakabùlà gùn, ó sì wúwo. Bí ìdí rẹ̀ bá fúyẹ́, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fojú sun ẹran. Kò pẹ́ tí kòkòrò ajẹgi wọ arère náà, ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Wọ́n fi awọ ẹran tútù wé ọrùn rẹ̀, wọ́n sì rán an. Bí awọ ṣe ń gbẹ ló ń fún igi náà pọ̀. Awọ yẹn lo ọdún díẹ̀ sí i. Awọ ló mú un dúró, kì í ṣe igi.

Ẹ̀kẹta ni igi apá, tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ ní ọdún 1977. Ìyá bàbá mi kò gbàgbé ọdún náà nítorí pé ọdún FESTAC ni. Apá ni ọba nínú gbogbo igi tí mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ. Ikán kì í jẹ ẹ́. Ó wúwo, síbẹ̀ nígbà tó bá ti gbẹ, kì í wú kì í sì í sún kì bí àwọn igi yòókù, yálà òjò ló dé tàbí ọyẹ́. Òun ni àwọn baba wa fi ń gbẹ́ odó àti ilẹ̀kùn. Ìrókò náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ kan kì í fẹ́ gbé e káàkiri inú igbó lóru, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Igi apá náà lo ọdún márùndínláàádọ́ta. Ní 2022, Bàbá Ọdẹ yọ̀ ṣubú lórí àpáta nígbà òjò, ọrùn ìbọn náà sì ṣẹ́ sí méjì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Mo rò pé wọ́n kàn máa ra pákó apá míràn ni. Mo bá wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Kàbà. Pákó mèlínà pọ̀ níbẹ̀ bí ìgbẹ́, igi tí ìjọba gbìn nígbà kan rí, tó ń tètè dàgbà. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní agbára apá. Apá kò sí. Ẹni tó sọ pé òun lè bá wa wá a, owó tó dá lé e kọjá ohun tí àgbẹ̀ lè gbọ́ kó má fi ọwọ́ bo ẹnu, pákó náà yóò sì jẹ́ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn oníṣòwò ti gé igi líle inú igbó Kogí lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní rosewood, tí wọ́n ń kó lọ sí Ṣáínà fún àga àti bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí rosewood dínkù, ojú bọ́ sára apá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ní ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Panama lórí òwò ẹranko àti igi tó ń parun lọ, wọ́n fi apá sí ara àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ kó kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ọdún tí ìbọn wa ṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Kí ẹ má rò pé ìṣòro tálákà nìkan ni èyí. Ìṣòro kan náà dé bá Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Walnut kò tó fún ìbọn tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì ń gba àkókò pípẹ́ kó tó gbẹ. Wọ́n bá la igi beech sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí ara wọn. Igi tí a lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè lọ́. Àwọn ará Rọ́ṣíà lo igi lílẹ̀ fún AK-47. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, ìbọn M16 ti Amẹ́ríkà ti fi igi sílẹ̀, ó bọ́ sórí ike. Ìjọba ńlá tó ní ilé iṣẹ́ àti owó náà ń wá ohun tó pọ́ọ́kú, tó sì ní láárí, bí ọdẹ Ìjùmú ṣe ń wá a.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí Bàbá Ọdẹ gbé ìbọn lọ bá kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn, "Okun o, Bàbá," ó gba igi tó ṣẹ́ náà, ó ń wo ojú ibi tó ti ṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Bàbá, igi yìí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ wo ìlà ara rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ jẹ́ kí ìlà igi dábùú ọrùn. Bí ìlà bá dábùú, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Ó yẹ kí ó bá ọrùn lọ gbọọrọ."

Bàbá Ọdẹ ní, "Apá kò sí lọ́jà, ọmọ mi."

"Ẹ má wulẹ̀ ra pákó tútù, Bàbá. Ilé àtijọ́ yín tó wó, kí ni wọ́n fi ṣe àtẹ́rígbà rẹ̀?"

Gbogbo wa dákẹ́. Ilé bàbá bàbá mi ti wó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ́rígbà rẹ̀ ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó dúdú fún èéfín, ikán ti mọ ilé sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì láìfi eyín kan òun fúnra rẹ̀. Igi apá ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń gbẹ níbẹ̀; kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́ tí ọyẹ́ lè fà. Kò sì ní owó lórí, àfi owó iṣẹ́.

Mo jókòó tì í ní ọjọ́ méjì tó fi gbẹ́ ẹ. Ó gbé igi tó ṣẹ́ lé orí àtẹ́rígbà, ó fi èédú yí i po, ó sì yí i títí ìlà igi fi bá ọrùn mu. Láti jẹ́ kí irin jókòó pinpin nínú igi, ó po èédú lílọ̀ mọ́ epo, ó fi kun irin náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, ó tún gbé e kúrò. Ibi tó bá dúdú nínú igi ni irin ti ń gún un. Ibẹ̀ ni yóò fi ìfági kékeré ha. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ogójì ìgbà lọ. Ó ní bí irin kò bá jókòó dáadáa, títapadà yóò dá lé ojú kan, igi á sì là, ì báà jẹ́ apá. Lẹ́yìn èyí ló fi òrí pa á. Owó díẹ̀ àti iṣu ogún ni Bàbá Ọdẹ san.

Nígbà tí mo ń wò ó, aṣọ ìpò àwọn Bùnú ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Òwú pupa inú aṣọ yẹn, láti ara aṣọ òkèèrè ni àwọn ìyá wa ti ń tú u, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó tún un hun lórí òfì tiwọn di aṣọ tí wọ́n fi ń sin àgbà ọkùnrin. Ta ló máa wo aṣọ ìpò tí yóò pè é ní aṣọ òyìnbó? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo ìbọn wa. Ògún ló ni irin, Birmingham ló rọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ wa ti ṣe ìdí rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé kí ni à ń ṣe gbogbo wàhálà yìí fún. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà ilẹ̀ Okun di ibi ẹ̀rù, AK-47 ni wọ́n ń gbé, ọdẹ tó gbé ṣakabùlà ni wọ́n sì ń rán wọ igbó lọ bá wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí ìbọn tó dára kò lè sọ ìbọn olókùúta di nǹkan míràn, ojúṣe ìjọba sì ni láti má fi ọdẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ kò dúró de ìjọba. Ọ̀yà ń jẹ àgbàdo lóko, ọ̀bọ ń tú kókò, iṣẹ́ wọn sì ni láti lọ.

Àtẹ́rígbà náà kò tán. Ó ku bí ìwọ̀n apá ènìyàn kan, gbẹ́nàgbẹ́nà sì bẹ̀ wá pé kí a fi sílẹ̀ fún òun. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọdẹ kan ti gun ọ̀kadà dé láti Ìyàmoyè pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi wáyà wé lọ́rùn, ó ń bèèrè bóyá pákó tó gbẹ wà.